Ìwádìí Ìdí Iná Ẹ́ńjìnnì Nígbà Tí Àsìkò Ọ̀pá Káàmù Bá Yẹ̀

1.0 Ìfáárà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lé bí ó ti yẹ kí mẹkáníìkì wádìí ọ̀rọ̀ nígbà tí iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀, tí ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù sì wí pé àsìkò ọ̀pá káàmù kò bá ti ọ̀pá kíránkì mu mọ́. Ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ni àwọn awakọ̀ ń pe iná náà. Iná ẹ́ńjìnnì ni yóò máa jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀sùn ni kóòdù, kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tí irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ń sọ ni pé ẹlẹ́rìí méjì dúró níwájú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Kò sọ èwo nínú wọn ni ó ń purọ́. Kò tilẹ̀ sọ bóyá òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń jẹ́rìí sí gan-an ni ó ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mẹkáníìkì tí ó rí ọ̀rọ̀ náà "káàmù" nínú kóòdù, tí ó sì ní kí onímọ́tò lọ ra sẹ́ńsọ̀ káàmù wá lójú ẹsẹ̀, irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ìmọ̀ lásán. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tàbí Òṣogbo sí Iléṣà ni ó jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lókè òkun kí ó tó dé. Ẹni tí ó bá ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, bí wọ́n bá mú un pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí iná kò kú, owó oúnjẹ ilé ni ó ń ná. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé bí wọ́n ti ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lóde, bẹ́ẹ̀ ni ṣéènì ń jẹ lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tí ó bá fo eyín bíi mélòó kan lórí eré, ó lè jẹ́ odindi ẹ́ńjìnnì ni onímọ́tò yóò wá lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin.

Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni àlàyé yìí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni ẹ́ńjìnnì Toyota tí à ń pè ní 1ZZ-FE, tí agbára rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8, tí ó wà nínú ọkọ̀ Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti àwòṣe 2003 títí dé 2008. Ọkọ̀ yìí wọ́pọ̀ púpọ̀ lójú títì wa. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pá káàmù kan péré nínú méjì tí ó ní ni kọ̀ǹpútà lè yí àsìkò rẹ̀ padà, nítorí náà ọ̀nà ìrònú inú ìwádìí náà hàn kedere ju ti àwọn ẹ́ńjìnnì ńláńlá lọ.

2.0 Àsìkò nínú ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì tí Nikolaus Otto, ará Jámánì, ṣe ní ọdún 1876 ni baba ńlá èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń jẹ pẹtiróòlù. Iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìnì ń ṣe léraléra nínú rẹ̀. Ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ó ń fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì ń ṣáná sí i, iná náà a sì ti písítìnì lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni písítìnì yóò lé èéfín jáde. Ọ̀pá kíránkì ní láti yí po lẹ́ẹ̀mejì kí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó parí. Ṣùgbọ́n fáàfù tí ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ àti èyí tí ń ṣí i fún èéfín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣí láàrin ìyípo méjèèjì. Ìdí nìyí tí ọ̀pá káàmù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ti fáàfù ṣí, fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kíránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣéènì ni ó so wọ́n pọ̀, eyín jíà tí ó wà lórí káàmù sì jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ó wà lórí kíránkì.

Táímìnì ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ìbámu yìí. Àsìkò ni iṣẹ́ yìí mú lò fún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju kí nǹkan kàn ṣẹlẹ̀ nígbà kan lọ. Ó ní láti ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀. Àwọn onílù mọ èyí dáadáa. Omele tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ lè má ṣi ohùn kankan lù, síbẹ̀ ijó ti dàrú mọ́ oníjó lẹ́sẹ̀.

Ká sọ pé eyín 18 ni ó wà lórí jíà kíránkì, tí 36 sì wà lórí ti káàmù. Bí ṣéènì bá fo eyín kan ṣoṣo, káàmù ti fi dígírì 10 yẹ̀ nìyẹn, èyí tí ó dọ́gba pẹ̀lú dígírì 20 bí wọ́n bá fi kíránkì wọ̀n ọ́n. Fáàfù tí ó yẹ kí ó ti pa dé kò ì tíì pa dé nígbà tí písítìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí ó ti wọlé yóò tún gba ẹnu ọ̀nà padà. Ọkọ̀ kò ní lè gun òkè dáadáa mọ́, kò sì ní mú sílò. Bí ó bá fo ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ́ńjìnnì tí àyè kò sí láàrin fáàfù àti písítìnì, àwọn méjèèjì yóò pàdé, fáàfù yóò sì tẹ̀.

Títí dé ìbí yìí, irin ni ó ń ṣàkóso gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn jẹ́jẹ́ àti eré sísá kò béèrè àsìkò kan náà lọ́wọ́ fáàfù, èyí ni ó mú kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ wá ọ̀nà láti máa yí àsìkò káàmù padà lórí ìrìn. Alfa Romeo fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ Spider rẹ̀ ní 1980. Èyí tí Toyota ń lò, tí wọ́n sọ ní VVT-i, jáde ní àárín àwọn ọdún 1990. Nínú ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, jíà tí ó wà lórí káàmù afẹ́fẹ́ kì í ṣe irin gbọnrangandan. Ó ní yàrá kéékèèké nínú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ó bá wọ apá kan yàrá wọ̀nyí yóò ti káàmù síwájú, èyí tí ó bá wọ apá kejì yóò dá a padà sẹ́yìn. Gbogbo àyè tí ó ní láti rìn jẹ́ nǹkan bí dígírì 40 ní ìwọ̀n kíránkì. Fáàfù kékeré kan tí ń fi iná ṣiṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń lò láti darí ọ́ìlì náà. Fáàfù ọ́ìlì ni yóò máa jẹ́ níhìn-ín, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ fáàfù ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ̀yìn pátápátá ni káàmù ń padà sí, pín-ìn-nì kan a sì dè é mọ́ ibẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó wá wà nínú ọ̀ràn àsìkò nísinsìnyí: ṣéènì tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, ọ́ìlì tí ó gbọ́dọ̀ lè yí àsìkò padà, àti àwọn sẹ́ńsọ̀ tí ń ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀sùn kan náà lè ti ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn wá.

3.0 Iná náà àti ohun tí ó ń ṣọ́

Ìpínlẹ̀ California ni ó kọ́kọ́ fi òfin mú àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ pé kí ọkọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòṣe 1988. Ètò kejì tí ó tẹ̀lé e, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OBD-II, di dandan fún ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n bá tà ní gbogbo Amẹ́ríkà láti àwòṣe 1996. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe tirẹ̀ fún ọkọ̀ pẹtiróòlù ní 2001. Èéfín ni ó bí àwọn òfin wọ̀nyí. Ìjọba kò fẹ́ kí ọkọ̀ máa ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́. Kì í ṣe ìfọ̀kànbalẹ̀ awakọ̀ ni wọ́n rò.

Ó yẹ kí èyí wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ iná ẹ́ńjìnnì. Iná náà kì í tàn nítorí pé nǹkan ń bàjẹ́, bí kò ṣe nígbà tí ìbàjẹ́ náà bá dé ibi tí ó lè ba èéfín jẹ́ tàbí tí ó dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ìṣọ́. Ṣéènì lè ti máa ró ràkàràkà fún oṣù mélòó kan kí iná tó sọ ohunkóhun. Ní ìdà kejì, iná lè tàn nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré dáadáa, tí awakọ̀ yóò sì máa sọ pé irọ́ ni ó ń pa. Iná pupa tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá; ẹni tí ó bá rí ìyẹn gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú kan náà.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ni kọ̀ǹpútà kì í tan iná lé lórí nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá rí i. Ó ń dúró kí ó tún rí i nínú ìrìn kejì, kí ó má baà fi ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan dá ọkọ̀ lẹ́bi. Ìmísí àwọn àgbà wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá ń ṣẹ́jú wàìwàì, ọ̀rọ̀ kò gba ìdúró mọ́: ẹ́ńjìnnì ń jáàkì gidigidi nìyẹn, epo tí kò jó ń lọ sínú sàlẹ́ńsà, ó sì ń jó ohun tí ń fọ èéfín níbẹ̀ run.

Àwọn kóòdù tí ó kan ọ̀rọ̀ àsìkò káàmù kò pọ̀. P0340 sọ pé ìròyìn sẹ́ńsọ̀ káàmù kò dé tàbí pé kò já geere. P0335 sọ irú rẹ̀ nípa ti kíránkì. P0011 sọ pé káàmù wà níwájú ju ibi tí kọ̀ǹpútà ní kí ó wà lọ, P0012 sì sọ pé ó wà lẹ́yìn. P0016 ni èyí tí ó wúwo jù: ìròyìn káàmù àti ti kíránkì kò bára mu. P0300 lè bá èyíkéyìí nínú wọn rìn, ohun tí ó sì ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì ń jáàkì. Bí ó bá bá P0016 rìn, ó sábà máa ń jẹ́ ọmọ tí àsìkò yíyẹ̀ bí, nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti orí púlọ́ọ̀gì.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ti ṣe mọ̀? Àwo irin kan wà lórí kíránkì tí wọ́n pín sí ọ̀nà 36, ṣùgbọ́n tí wọ́n yọ eyín méjì kúrò, tí ó fi ku 34. Dígírì 10 ni ó wà láàrin eyín kan àti èkejì. Bí àwo náà ti ń yí kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ tí ó ní òòfà nínú, eyín kọ̀ọ̀kan ń ta iná díẹ̀ sínú wáyà. Ibi tí kò ti sí eyín ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí ìyípo ti bẹ̀rẹ̀. Káàmù ní eyín mẹ́ta tirẹ̀ níwájú sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka iye eyín kíránkì tí ó kọjá kí eyín káàmù tó dé. Bí eyín káàmù bá pẹ́ dé tàbí tí ó tètè dé nígbà tí ó yẹ kí káàmù wà ní ipò ìsinmi rẹ̀, ẹ̀sùn di kíkọ sílẹ̀. Kò sí ibi kankan nínú ètò yìí tí kọ̀ǹpútà ti rí ṣéènì fúnra rẹ̀.

4.0 Ìwádìí

Àṣà kan wà tí ó ti ba ọ̀pọ̀ ìwádìí jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ń dé ọgbà mẹkáníìkì, wọ́n tú orí bátìrì, iná kú, wọ́n ní kí onímọ́tò lọ wò ó bóyá yóò tún tàn. Ohun tí wọ́n pa rẹ́ báyìí ju iná lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, ó kọ bí nǹkan ti rí ní ìṣẹ́jú náà pẹ̀lú rẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára yí tó, bí ó ti gbóná tó, bí ẹrù tí ó rù ti pọ̀ tó. Ẹ̀sùn P0011 tí ó wáyé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí ó wà ní sílò, kò jọ èyí tí ó wáyé lórí eré. Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan bátìrì, gbogbo èyí ni ó yẹ kí ó ti wà nínú ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè lọ́wọ́ onímọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì tí wọ́n ní ẹ̀rọ kóòdù lọ́wọ́ kì í ka ìbéèrè sí, bẹ́ẹ̀ ó lè dín ìwádìí kù sí ìdajì. Bí iná bá tàn lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì láti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ṣéènì tí wọ́n dè padà ni ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ sí; ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi eyín kan ṣì í. Bí ó bá tàn lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ó yẹ kí wọ́n béèrè irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i àti iye tí wọ́n dà. Bí kò bá sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, tí nǹkan kàn ń burú díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ogbó ni: ọ́ìlì tí ó dọ̀tí tàbí ṣéènì tí ó jẹ.

Ọ́ìlì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ti ọwọ́ mẹkáníìkì kọjá nínú ẹ̀sùn P0011 tàbí P0012. Ọ́ìlì kan náà tí ń fọ irin ni ó ń ti káàmù síwá sẹ́yìn nínú ẹ́ńjìnnì yìí, nítorí náà ìdọ̀tí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. Bí wọ́n bá fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, tí ọ́ìlì náà kò tó, tàbí tí ó dúdú tí ó sì ki bí ọ̀dà, tàbí tí wọ́n ṣí ìdérí ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, tí wọ́n rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́, a jẹ́ pé ọ̀nà tóóró tí ó lọ sí jíà káàmù kò ní ṣàìdí. Ọ́ìlì tí ó ki ju èyí tí ìwé ọkọ̀ kọ sílẹ̀ lọ tún máa ń fa ìjáfara káàmù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ìgbàgbọ́ pé ọ́ìlì tí ó ki ni ó dára fún ọkọ̀ tí ó ti gbó gbilẹ̀ láàrin àwọn awakọ̀. Fún ẹ́ńjìnnì tí ó ní VVT-i, ìgbàgbọ́ náà kò dára.

Bí ọ́ìlì bá dára, ó kan fáàfù ọ́ìlì. Àyẹ̀wò méjì ni ó tó fún un. Èkíní ni pé kí wọ́n fi mítà oníná wọn ìdènà tí ó wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì: láàrin 6.9 sí 7.9 ni ó yẹ kí ó jẹ́ ní ìwọ̀n òhmù bí ó bá tutù, nígbà tí ooru bá wà ní nǹkan bí 20 ní ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá jìnnà sí èyí, wáyà inú rẹ̀ ti já tàbí ó ti lẹ̀ pọ̀. Èkejì sọ̀rọ̀ jù. Kí ẹ́ńjìnnì wà ní sílò, kí wọ́n fi iná bátìrì kan fáàfù náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tàbí kí ó kú pátápátá, nítorí pé wọ́n ti káàmù síwájú nígbà tí kò bá sílò lára mu. Ó jẹ́ ìyanu fún ẹni tí kò bá mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìròyìn ayọ̀ ni. Ó fi hàn pé fáàfù ọ́ìlì ṣí, pé ọ́ìlì kọjá, pé jíà káàmù sì dáhùn. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá tilẹ̀ mira, kí wọ́n tú fáàfù náà, kí wọ́n wò ó bóyá irin inú rẹ̀ há. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n yọ asẹ́ kékeré tí ó wà lójú ọ̀nà ọ́ìlì náà, tí bóòtù kan dé mọ́ inú orí ẹ́ńjìnnì. Asẹ́ yìí kò ju orí ìka lọ, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni kò sì mọ̀ pé ó wà. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni gbogbo ẹjọ́.

Ti P0340 àti P0335 kò gba àlàyé púpọ̀. Wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, pàápàá níbi tí eku ti lè jẹ ẹ́ tàbí tí ooru ti lè bó ara rẹ̀, àti ẹnu ìsopọ̀ tí ọ́ìlì ti lè rin. Ìgbà tí ìwọ̀nyí bá dára tán ni sẹ́ńsọ̀ tó di ohun tí à ń fura sí. Sẹ́ńsọ̀ tí ó kú kì í sábà mú P0016 wá, nítorí pé òkú kì í jẹ́rìí èké. Kò ní sọ̀rọ̀ rárá ni.

P0016 ni ó kù, òun ni ó sì le. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ìgbì iná lè so ó mọ́ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì ka iye eyín kíránkì tí ó wà láàrin àlàfo eyín méjì tí wọ́n yọ àti eyín káàmù. Bí ó bá fi ti ọkọ̀ kan náà tí ara rẹ̀ yá wé e, tí ó rí i pé eyín káàmù pẹ́ pẹ̀lú eyín kíránkì méjì, dígírì 20 ni káàmù fi wà lẹ́yìn. Àyẹ̀wò yìí lẹ́wà nítorí pé kò sí bóòtù kan tí wọ́n tú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, kò sì yẹ kí àìsí rẹ̀ di àwáwí, nítorí ohun tí ó fi hàn ṣeé fi ojú rí.

Kí wọ́n ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n fi sípánà mú bóòtù púlì kíránkì, kí wọ́n yí i sí apá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ aago ti ń lọ, títí ilà tí ó wà lára púlì yóò fi kojú nọ́ńbà 0 tí ó wà lára ìdérí ṣéènì. Ní ipò yìí, àmì tí ó wà lórí jíà káàmù méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo tí ó bá ojú ìdérí náà dọ́gba. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀ rárá, kí wọ́n yí kíránkì lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí káàmù ń gba ìyípo méjì kíránkì kí ó tó padà sí ipò kan náà. Bí àmì kan bá yẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ti parí: ṣéènì ti fo eyín, tàbí wọ́n ti dè é ṣì. Ohun kan ń rú àwọn mẹkáníìkì lójú níbí yìí. Lára ṣéènì tuntun, eyín bíi mélòó kan máa ń ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, wọ́n sì wúlò fún dídè ṣéènì nìkan. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti yí, wọn kì í tún padà bá àmì jíà ní gbogbo ìyípo. Ẹni tí ó bá dúró dè wọ́n yóò rò pé ṣéènì tí ó dára ti bàjẹ́.

Bí àmì bá yẹ̀ díẹ̀, tí kò tó eyín kan, ó ṣeé ṣe kí ṣéènì ti gùn. Irin kì í nà bí rọ́bà. Àwọn pín-ìn-nì tí ó so eyín ṣéènì pọ̀ ni ó jẹ. Jíjẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣéènì dé òpin, ó tó láti fa káàmù sẹ́yìn. Ọ́ìlì tí wọn kò pààrọ̀ lásìkò ni ó sábà máa ń fà á, nítorí pé eruku irin inú rẹ̀ ń lọ pín-ìn-nì wọ̀nyí bí ọlọ ti ń lọ ata. Ìró ràkàràkà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ta ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ jẹ́ àmì mìíràn: ohun tí ń fa ṣéènì le, tí wọ́n ń pè ní tẹ́ńsọ́nà, kò tíì rí ọ́ìlì tó láti fi dúró. Ẹ̀yìn ìdérí ṣéènì ni tẹ́ńsọ́nà wà nínú 1ZZ-FE, ó ṣeé tú láìṣí ìdérí náà, ó sì máa ń jo ọ́ìlì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti nà jáde dé òpin rẹ̀, títún tẹ́ńsọ́nà nìkan rà kò lè wo ṣéènì sàn. Ṣéènì, tẹ́ńsọ́nà, àwọn ike tí ń tọ́ ṣéènì, àti jíà tí eyín rẹ̀ bá ti mú, ó yẹ kí wọ́n jáde pọ̀.

Níbi tí iyèméjì bá ṣì wà, wíwọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ nínú sílíńdà lè ràn án lọ́wọ́. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá lọ sílẹ̀ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, àsìkò ni kí wọ́n fura sí ṣáájú fáàfù tàbí ríǹgì, nítorí kò wọ́pọ̀ kí ogbó mú sílíńdà mẹ́rin dọ́gba.

5.0 Ọ̀rọ̀ lórí ọjà tòkunbọ̀

Gbogbo ohun tí ó wà lókè yìí dúró lórí pé iná tàn. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ lè máà rí i rárá, nítorí pé àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Àwọn ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ṣe é ni yíyọ gílóòbù rẹ̀ kúrò àti pípa kóòdù rẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí olùrà ń bọ̀.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti já. Nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, kí wọ́n tó ta ẹ́ńjìnnì, iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Iná tí kò tàn rárá ti fọ́jú tàbí wọ́n ti fọ́ ọ lójú. Ti èkejì gba ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù. Kọ̀ǹpútà ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn àyẹ̀wò tí ó ti ṣe parí lórí ara ọkọ̀, bí ti ohun tí ń fọ èéfín àti ti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Bí wọ́n bá pa kóòdù rẹ́, púpọ̀ nínú wọn yóò padà sí "kò tíì parí", ó sì lè gba ìrìn ọjọ́ mélòó kan lójú títì àti láàrin ìlú kí gbogbo wọn tó parí. Ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ sọ pé òun ń gùn lójoojúmọ́, tí ẹ̀rọ sì fi hàn pé púpọ̀ nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí kò tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa kóòdù rẹ̀ rẹ́ tàbí kí wọ́n ti tú bátìrì rẹ̀ láìpẹ́. Kí olùrà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí ó dúró ti iwájú ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n bá ń ta á, kí ó sì fetí sí ìdérí ṣéènì.